Ìwọ Lo Ní Kí N Rọra

Yàrá Kẹrin,
Ilé Àwọn Awakọ̀,
Ẹ̀yìn Ilé Iṣẹ́ Ọkọ̀.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun Màmá ti san? Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn ẹlẹ́rọ. O kú oríire o. Bí mo ṣe ń kí ọ yìí, inú mi ò dùn, n kò ní purọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé ọdún méjì gbáko ni mo fi dán ọkọ̀ eré tuntun tí ilé iṣẹ́ wa ṣe yìí wò, èyí tí yóò fi wákàtí mẹ́rìnlélógún sáré. Mo mọ ìgbà tí jíà kẹta rẹ̀ máa ń kùn. Ooru inú rẹ̀ bó mi léjìká. Àwa awakọ̀ mẹ́rin la wà níbẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ mú lọ síbi ìdíje.

Lọ́jọ́ tí àwọn alábòójútó eré wá wo ọkọ̀, èmi ni mo wà nínú rẹ̀, ìwọ lo wà lẹ́nu rédíò. O ní, "Ìjì, rọra o! Má tẹ̀ ẹ́ jù. Bí wọ́n bá rí bó ṣe yá tó, wọ́n á ní ká di irin sínú ẹ̀ kó lè wúwo, kó má baà yá ju ti àwọn yòókù lọ." Mo bi ọ́ bóyá kò ní kó bá mi, o ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo gbọ́ràn. Mo wà á bí ẹni tó gbé ẹyin sórí itan. Ìgbà tí àwọn àlejò lọ tán ni àwọn awakọ̀ mẹ́ta yòókù tó wọ inú ọkọ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá gbé ìwé tí wọ́n kọ àkókò tí a fi sáré lọ́jọ́ náà sí jáde, ó ní èmi ni mo gbẹ́yìn. Ó ní ọjọ́ orí ti dé, kí n má bínú. Mo wojú rẹ. Ìwọ ń fi bírò fa ìlà sórí bébà! Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. N kò mọ̀ pé àwa méjèèjì náà ti dà bẹ́ẹ̀.

Tírélà tí yóò gbé ọkọ̀ náà lọ síbi eré ni wọ́n ní kí n máa wà báyìí. Mo ti gbà, torí a gbọ́dọ̀ jẹun. Ìyàwó mi ní kí n fi ọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò fi orúkọ àwọn awakọ̀ ránṣẹ́, àyè ṣì wà. Lọ bá ọ̀gá. Sọ fún un pé ìwọ lo ní kí n rọra. Gbólóhùn kan péré ni.

Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ. Bí o kò bá lè sọ ọ́, jọ̀wọ́, tí o bá rí mi nídìí tírélà lọ́jọ́ Sátidé, má kí mi.

Èmi ni ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ,
Ìjì.