Bí Mo Ṣe Kú Kí Chancelle Lè Wọ Yunifásítì

Ahoyéyé, lẹ́bàá Pobè

Euloge, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òjò ọdún yìí gbé àgbàdo wa lọ kò ní jẹ́ kí ìlú Kútọ̀nú gbé ẹ̀yin náà lọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ara rẹ̀ le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bá mi bínú fún ìgbà díẹ̀, ìdí rẹ̀ gan-an ni mo sì fi ń kọ̀wé yìí, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà kí ọkàn rẹ dàrú.

O rántí pé nígbà tí àbúrò rẹ Chancelle yege nínú ìdánwò báàkì, ìwọ lo ní kí a má dá ọ̀rọ̀ yunifásítì ṣe, pé Mùsíè Damien wà ní Pobè tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, kó bá wọn wá ilé ẹ̀kọ́ tó máa gbà wọ́n, àti èyí tó máa bá wọn san owó ẹ̀kọ́. A lọ. Bùró tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́bàá títì tí àwọn kámíọ̀n tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Onigbolo ń gbà, eruku funfun bo ibi gbogbo, àmọ́ ọkùnrin náà mọ́ tónítóní, ó sì so táì mọ́rùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó ní òun máa ṣí àyè kan fún Chancelle nínú kọ̀ǹpútà, kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan wá tí a ó fi máa ṣí i. Mo mú orúkọ ìyá mi, torí kò sí orúkọ tí mo fọkàn tán jù ú lọ. Ẹ̀rọ náà ní orúkọ ìyá mi kò lágbára tó. Euloge, inú bí mi. Obìnrin tó ru ẹ̀pà láti Ahoyéyé dé Sakété pẹ̀lú oyún mi nínú. Mùsíè Damien ní kí n má bínú, ó fi nọ́ńbà díẹ̀ tì í lẹ́yìn, ẹ̀rọ náà wá gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá mi gbèjà ìyá mi.

Lẹ́yìn náà ló béèrè bí ilé wa ṣe rí. Mo ní a ń ṣe oko, a ń fún epo pupa, a wà láàyè, a dúpẹ́. Ó mi orí. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, pé ojoojúmọ́ ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́ ń rí ọmọ àgbẹ̀, àmọ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú máa ń tètè ṣe wọ́n láàánú, bóyá kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí a ó fi tọrọ àyè. Chancelle tẹ orí ba, ó ní òun kò fẹ́. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ikú orí ìwé ṣáà ni, mo sì rò pé orí ìwé náà ni yóò dúró sí. Mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ọ́ pé àìsàn kékeré ni, kí n má baà jẹ̀rora púpọ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ nílé, kò pariwo. Ó bu oúnjẹ fún Chancelle, ó bu ti ara rẹ̀. Mo béèrè tèmi, ó ní òun kò mọ ohun tí àwọn òkú ń jẹ. Gaàrí ni mo wá ń mu lóko.

Àṣé nọ́ńbà mi ni Mùsíè Damien kọ sínú ìwé náà. Mo ń kọ ebè lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Obìnrin kan ní òun ni Madáàmù Arlette láti ilé ẹ̀kọ́ tí a kọ̀wé sí, òun ń wá alágbàtọ́ Chancelle. Ègùn ló fi bá mi sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo kí i, mo ní èmi ni bàbá rẹ̀. Ó ní bàbá wo. Mo ní èyí tó kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àló, àló. Mo rò pé fóònù ni kò gbé ohùn mi, ni mo bá gun orí òkìtì ọ̀gán, mo tún un sọ ketekete pé èmi ni bàbá Chancelle tó ti kú, Alphonse Ọdẹ́wálé, láti Ahoyéyé.

Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní àwọn kì í fi irọ́ gba ọmọ wọlé, àwọn máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mo ní kó dákun, ọmọ náà kò purọ́, ó ti sọ pé òun kò fẹ́, èmi ni mo gbà láti kú, bí ìyà bá sì wà níbẹ̀ kí wọ́n fi jẹ èmi tí mo kú. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wúkọ́ títí, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó lọ fi oyin sínú omi gbígbóná. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní kí Chancelle fúnra rẹ̀ tún ìwé náà kọ, kí ẹnikẹ́ni má bá a fi ọ̀rọ̀ kún un, kó sì sọ irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́.

Ó kọ ọ́. Mùsíè Damien fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, ojú ń tì í díẹ̀, mo sì sọ fún un pé mo ti dárí ikú náà jì í. Lánàá ni wọ́n ránṣẹ́ pé wọ́n ti gbà á, àwọn ni yóò sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ kọrin ìjọ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Mo ní kí Chancelle túmọ̀ ohun tó kọ fún mi. Ó ní òun kọ ọ́ pé bàbá òun kò gbọ́ Faransé, àmọ́ nígbà tí òun ń múra báàkì, ó máa ń wá jókòó ti òun, á mú ọ̀kan nínú ìwé òun, bí òun bá ṣí ojú ewé tòun, á ṣí tirẹ̀, kí òun má baà dá kàwé. Euloge, gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé ọmọ náà gbà pé mo ń kà á ni.

Wàyí o, ó nílò mátíràsì, àpótí àti bàtà tó dára. Bá wa wá owó. Má fi gba inú fóònù, torí èyí tí o fi gbà á nígbà kan, mo tú fóònù náà wò, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Bienvenu awakọ̀ tó ń ná ọjà Sakété ni kí o fi rán.

Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò gbà ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já ọ kulẹ̀. Ohun tí a kò kọ́ ọ nílé, ayé kò ní fi ìyà kọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alphonse Ọdẹ́wálé