Aṣọ Nọ́ọ̀sì Méjìlélógún

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Káfíńtà mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ẹni tó ń fi sùúrù bá orí dídán yẹn gbé? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti gbà kí o gun àkàbà, àbí ìsàlẹ̀ lo ṣì dúró sí tí o ń pàṣẹ fún igi? Ara tèmi le. Ọkàn ni kò le.

Kí o mọ̀ pé ọ̀gá kọ̀ǹpútà ló ń kọ̀wé sí ọ. Kò sí irú mi ní gbogbo àdúgbò yìí. Ó dáa, má rẹ́rìn-ín mọ́: àwa mẹ́fà la wà ní kíláàsì, èmi ni mo ṣe ipò karùn-ún, ẹni kẹfà kò sì wá mọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì.

Ọmọbìnrin kan tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi ló ń kọ́ wa ní ilé ìkàwé. Ó ní òun kò fẹ́ sọ ẹnikẹ́ni di oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kí awakọ̀ máa wakọ̀, kí télọ̀ máa ránṣọ, ṣùgbọ́n kí kálukú lè kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò fi bá a gbé ibi tó wúwo nínú iṣẹ́ rẹ̀. O mọ̀ pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ìṣirò ìwọ̀n aṣọ ló ń dà mí láàmú. Mo bá kọ àṣẹ tèmi: tí mo bá ti tẹ ìwọ̀n àyà àti èjìká ènìyàn sí i, á sọ ibi tí n ó gé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dáhùn, ijó ni mo bẹ́ sí.

Olùkọ́ ní, "Bàbá, ẹ rọra o, àga yẹn ti gbó."

Mo ní, "Kò gbó tó mi, ó sì yẹ kó jó."

Ìgbà tí iṣẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì méjìlélógún dé, mo gé gbogbo rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe wí. Mo rán ọ̀kan, nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́, kò lè mí. Háà! Mi ò sọ fún kọ̀ǹpútà pé ojú rírán máa ń jẹ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ta ló ń sọ ìyẹn fún télọ̀? Ọwọ́ wa ló máa ń fi àyè yẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ ju ohun tí a bá sọ fún un lọ.

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́ ibi tí mo ti kọ́ ọ, ó gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ìkàwé. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kíláàsì tó ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́ kò wúlò, ó sì tì í pa. Awakọ̀ kan ní kíláàsì wa, tí àṣẹ tirẹ̀ ku díẹ̀ kó parí, kò kí mi mọ́. Olùkọ́ ká wáyà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó dàbọ̀." Ẹyin lọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi.

Bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n má ka ibi tó kù yìí sí wọn létí.

Olùkọ́ ti sọ fún mi pé kí n gé ẹyọ kan, kí n rán an, kí n dán an wò, kí n tó fọwọ́ kan ìyókù. Mo sọ fún un pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ṣe é. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìkàwé bi mí, mo ní olùkọ́ kò sọ fún mi rárá. Ojú mi ni olùkọ́ ń wò nígbà tí mo sọ ọ́.

Tìrẹ náà ni mí, bí o bá ṣì fẹ́,
Télọ̀.