Ibojì Tó Wà Lórí Òkúta Búlúù

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹfà

Yìnyín bo gbogbo òkè. Bàtà Pupa tún gun ẹṣin wá, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń wa dáyámọ́ńdì. Ó ní òkúta búlúù tí àwọn ń wà kò dúró sínú ọgbà àwọn, ó gba abẹ́ itẹ́ òkú wa kọjá. Láyé àtijọ́, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti rú jáde, tòun ti dáyámọ́ńdì nínú. Nítorí náà, kí a kó àwọn òkú wa lọ sí òdìkejì odò. Tšeliso ọkọ mi wà lára wọn.

Ọ̀gágun kọ̀. (Ìyá ọkọ mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó bi Bàtà Pupa bóyá wọ́n máa ń jí ìyá tiẹ̀ lójú oorun kí wọ́n lè gbé ibùsùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9

Motlatsi wá tún òrùlé wa ṣe. Darandaran ni, lábúlé kejì. Ó fẹ́ fẹ́ mi, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó jẹ pápá, òkèlè àgbàdo wa, ó jẹ ẹ̀fọ́, ó lọ. Ọ̀gágun wò ó títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkè. Ó ní, "Limpho, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ mi bá ṣì sùn síbẹ̀ yẹn, ìyàwó rẹ̀ ni ọ́."

Mo fọ abọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Gbogbo ilé ti gbà. Ó ku àwa.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Ọ̀gágun gbà. "Kàkà kí ẹ̀rọ wọn gbé e, màá gbé e fúnra mi."

Ọjọ́bọ̀, 22

Wọ́n hú ibojì Tšeliso láàárọ̀. Òtútù. Nígbà tí wọ́n gbé pósí Tšeliso wá láti ibi ìwakùsà dáyámọ́ńdì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ní ilẹ̀ ló wó pa á, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. A ò ṣí i.

Igi pósí ti jẹrà. Bí wọ́n ṣe gbé e, ìdí rẹ̀ já. Òkúta ló ń jábọ́. Òkúta, òkúta, òkúta. Kò sí egungun. Kò sí bọ́tìnnì kan pàápàá. Àwọn ọkùnrin fà sẹ́yìn. Baálẹ̀ gbé ọ̀kan, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ: ó dúdú, ó rí bíi búlúù, nǹkan aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà nínú àkàrà tí kò kúnná.

Bàtà Pupa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní irú òkúta àwọn gan-an ni, àmọ́ kì í ṣe ti ibí. Láti ihò mìíràn ni. Síbẹ̀, òfin ni pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ yìí láìjẹ́ pé àwọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀gágun ní, "Ṣé orí ilẹ̀ yín lo ti rí i ni, àbí nínú pósí ọmọ mi?"

Bàtà Pupa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá bọ́ kúbùsù tó fi bora, ó ń kó wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kó ẹyin. Ó gbé e wálé. Èmi náà ò sunkún. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá sunkún fún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24

Baálẹ̀ tẹ àwọn tó gba Tšeliso síṣẹ́ láago. Ibi ìwakùsà yẹn ti kógbá wọlé, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

Motlatsi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé ó lè jẹ́ pé n kì í ṣe opó. Ó ní òun ti gbọ́. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27

Wọ́n ti gbẹ́ ibojì tuntun sí òdìkejì odò. Ọ̀gágun ò lọ síbẹ̀. Ihò àtijọ́ ló lọ. Ó tú kúbùsù, ó da òkúta náà sílẹ̀ níwájú Bàtà Pupa. Ó ní kó kó tiẹ̀, ọmọ òun kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí a délé, ó ní, "Lọ bá Motlatsi."

Mo ní, "Ìyá, tí Tšeliso bá wà láàyè ńkọ́?"

"Tó bá wà láàyè, ó mọ ọ̀nà ilé. Kò gbà á wálé. Ìyàwó lè lọ, ọmọ mi. Èmi ni màá dúró dè é."

Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹṣin ní gàárì fún mi. Mo gùn ún.