Fọ́tò Rẹ Tí Daouda Mú Wálé

Avrankou, ọjọ́ Ajé

Ọmọ́wùmí, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ọkọ rẹ Aziz ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ògún tó lànà fún bàbá mi kò ní dí ọ̀nà mọ́ ọ. Àwa náà wà, àgbàdo ti ń yọ irun, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò tíì balẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ sì ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, Daouda ló máa mú un wá, nítorí mi ò fẹ́ kí obìnrin inú fóònù gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Daouda ọmọ àbúrò mi yìí kan náà, tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Porto-Novo, ló yà sílé wa lỌ́jọ́bọ̀. Ó na bébà kan sí ìyá rẹ, ó ní òun já a lára ògiri ní àdúgbò Akron, kí a wá wo Ọmọ́wùmí, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń pariwo pé òun ń pẹ́, ló bá lọ. Mo wo bébà náà. Fọ́tò rẹ ló gba gbogbo iwájú, o wọ aṣọ funfun, o ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́, aago mẹ́sàn-án, àti ibi ìpàdé. Ìyókù, faransé ni. Ọmọ mi, bébà wo lo rí lára ògiri rí ní ilẹ̀ wa tó ní fọ́tò, orúkọ, ọjọ́ àti aago, tí kì í ṣe ti òkú? Ti bàbá Alphonsine tí a sin lóṣù tó kọjá gan-an nìyẹn, aṣọ funfun, ẹ̀rín díẹ̀.

Ìyá rẹ figbe ta. Èmi kò sunkún o, ọkùnrin ni mí. Mo pe fóònù rẹ. Obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ faransé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Mo ní ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó jẹ̀rora? Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, kò bínú, kò sì yí ohùn padà. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un kó má sọ.

Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, àgbàlá ti kún, èèyàn mẹ́tàlélógún. Ìyàwó Issiaka gbé ìkòkò ẹ̀wà wá. Fátúndé tí èmi àti ẹ̀ ń jà nítorí ààlà oko láti ọdún mẹ́rin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ìwọ lo gbé ọmọ òun lọ sílé ìwòsàn nínú òjò, òun kò sì dúpẹ́ rí. Mi ò gbọ́ ọ rí. Ibẹ̀ la wà tí Rufin ọmọ kátéṣítì ṣọ́ọ̀ṣì, tó gbọ́ faransé, fi dé, ó ka bébà náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbá a létí. Ó ní o kò kú. Ó ní sẹ̀ńdíkà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olùkọ́ ilé ìwé yín, ló tẹ bébà náà, ìwọ ni wọ́n fẹ́ yàn láti máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n má jókòó sílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yìí. Ó fi fóònù tirẹ̀ pè ọ́, a gbọ́ ohùn rẹ, o ní o wà nípàdé, o sì pa á. Ìyá rẹ jó. Wọ́n jẹ ẹ̀wà náà tán.

Àmọ́ láti ìgbà náà, ẹ̀rù mìíràn ló ń bà mí. Rufin ní ọ̀gá yín máa ń gba kíláàsì lọ́wọ́ olùkọ́ tó bá bímọ, bó ṣe ṣe Laure ọ̀rẹ́ rẹ, ohun tí ẹ fẹ́ kó jáwọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó ní nínú ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́, mẹ́sàn-án péré ló wá sí ìpàdé tó kọjá, bí wọn kò bá sì pé ìdajì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀gá á ní kò sí sẹ̀ńdíkà kankan. Nígbà náà, ojú ta ló wà lára ògiri? Ojú tìrẹ nìkan. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń yẹ̀ ẹ́.

Gbọ́ ohun tí mo ṣe lọ́dún tí àwọn tí a jọ ń ṣe àáró kò wá bá mi roko, lẹ́yìn tí mo ti ro tiwọn. Mi ò lẹ bébà kankan. Mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká láàárọ̀, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí wọn, mo béèrè ọmọ wọn, mo sì dúró. Kò sẹ́ni tó lè padà lọ sùn. Èèyàn kì í tijú ògiri, ọmọ mi. Mú Laure dání, kó pọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ ya ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ní Dowa àti ní Akron, kí wọ́n gba ọmọ náà mọ́ra ná kí wọ́n tó sọ pé àwọn kò ráyè.

Bí wọn kò bá tó síbẹ̀, àwọn mẹ́tàlélógún tó wá ṣọ̀fọ̀ rẹ ní àwọn ń bọ̀ wá jókòó sórí àga yín. Fátúndé ti fọ agbádá. Rufin ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ti sunkún rẹ, ṣé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni? Bá mi bi wọ́n. Kí o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, nítorí Daouda ní òun ò lè gbé ju mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, àti owó ìkòkò ìyàwó Issiaka, ó fọ́ níbi tí ìyá rẹ ti ń jó. Má fi gba inú fóònù o, obìnrin yẹn wà níbẹ̀.

Ògún á ṣíwájú rẹ wọ yàrá ìpàdé. Ahọ́n rẹ kò ní wúwo. Àwọn tó ní àwọn ń bọ̀, ẹsẹ̀ wọn á gbé wọn débẹ̀.

Mo parọ́ fún ọ lókè. Mo sunkún. Ẹ̀yìn ilé ni mo lọ, mo di bébà náà mú, mo sunkún títí ó fi rọ̀ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ kan ti parẹ́ lára rẹ̀. Fi òmíràn ránṣẹ́ sí mi, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá, kí ojú mi lè mọ fọ́tò ẹni tó wà láàyè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnwálé