Ògiri Ló Ń Mu Omi Wa, Màámi

Ẹ kú ilé o, Màámi mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà orí wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá mi tí yóò kà á sí yín létí, mo kí gbogbo ayálégbé wa, mo sì kí ìjọ yín ní Ìgàndó. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn. Màámi, gbangba la ti pe ọmọlọ́mọ lólè. Kò dáa ká máa dá a láre ní kọ̀rọ̀.

Òtútù ìlú òyìnbó níbí kì í ṣe irú ọyẹ́ tí ẹ mọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ìyá bíi yín ni mò ń wẹ̀ tí mo sì ń fún lóúnjẹ, ṣùgbọ́n tí mo bá délé, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Àdáwà náà pọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá sí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, bí ẹni pé inú pálọ̀ yín ni mo jókòó sí. Mi ò rí nǹkan kan, mo kàn ń pàṣẹ ṣá.

Bí ọ̀rọ̀ tánkì ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ ní omi tí ẹ ń fà sí tánkì láàárọ̀, tó máa ń tó gbogbo ilé di ọjọ́ kejì, kì í dé ìrọ̀lẹ́ mọ́. Lójú ẹsẹ̀, ọkàn wa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, ayálégbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń fọṣọ fún àwọn èèyàn kó lè bọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ta ló tún ń lo omi tó o? Ẹ fi agádágodo sí ẹ̀rọ omi àgbàlá tí àwọn ayálégbé ń pọn, ẹ so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró yín. Omi tún tán.

Ẹ pè mí, inú ń bí yín. Èmi alámọ̀tán ni mo sọ pé ó ti lọ gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn ní Ìkọ̀tún. Ẹ ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ ní ó máa ń bá yín gbálẹ̀. Mo ní kí ẹ lé e, pé olè lolè ń jẹ́. Ẹ gbé fóònù sí sípíkà lọ́jọ́ náà, gbogbo àgbàlá ló gbọ́ ohùn mi. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìṣẹ̀rí.

Ní oṣù tó kọjá, mo rí ọkùnrin tó ń ṣàtúnṣe ilé níbi iṣẹ́ wa. Ó ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, ó wá dúró síwájú mítà tó ń ka iye omi tí a lò, ó ń wò ó. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní tí ẹnikẹ́ni ò bá lo omi, tí mítà sì ń yí, a jẹ́ pé omi ń jò níbi tójú ò tó, ó sì yẹ kéèyàn tètè mọ̀ kí ògiri tó bàjẹ́. Màámi, ilé wa ni mo rántí. Agádágodo yẹn! Nígbà tí ẹ ti ẹ̀rọ pa, tí kọ́kọ́rọ́ wà létí ìró yín, tí omi ṣì ń lọ, ó yẹ kó yé wa pé kò sẹ́ni tó ń pọn ọ́n. Ohun tó yẹ ká fi dá a láre gan-an la fi dá a lẹ́bi.

Gbogbo àmì ló sì wà nílẹ̀. Sùtánà funfun yín tó wà lára ògiri yàrá ń yọ àmì dúdú dúdú nísàlẹ̀, a ní Ìyá Ìbejì ò mọ aṣọ fọ̀. Ẹ ní yàrá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ẹ ní ọ̀dà ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, mo fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n kun òmíràn lé e. Ẹ tún ní tí ilé bá dákẹ́, ẹ máa ń gbọ́ ohùn wúyẹ́wúyẹ́ nínú ògiri, ẹ sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Mi ò fi àdúrà yín ṣeré o, òun ló gbé mi dé ibí. Ṣùgbọ́n páìpù tó gba inú ògiri lọ sí balùwẹ̀ yín ló ń sọ̀rọ̀.

Nítorí a ò ní mítà, mo ní kí Bọ̀ọ̀dá gun àkàbà, kó sàmì sínú tánkì níbi tí omi dé, kẹ́nikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kó tó di ọ̀sán, omi ti lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Púlọ́ńbà fọ́ ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì yín, ó bá oríkèé páìpù tó ti là. Búlọ́ọ̀kù tó yí i ká ti rọ̀ débi pé ìka ló fi ń gbẹ́ ẹ. Ẹ̀bá ibẹ̀ lẹ ń gbórí lé sùn! Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kà á, bí omi yín bá ń tètè tán, kí ẹ tó wo ojú aládùúgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ògiri.

Màámi, nígbà tí mo ní kí ẹ lọ bẹ Ìyá Ìbejì, ẹ ní onílé kì í bẹ ayálégbé, pé omi ti dúró, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Mi ò bá yín jà, ẹnu mi ló kọ́kọ́ pè é lólè. Ìyá Ìbejì, mo parọ́ mọ́ yín, ẹ dárí jì mí.

Mo pè é lánàá. Mo rò pé ó máa bú mi, kò bú mi. Mo ní kó padà wá, ó ní rárá. Ó ní ohun kan ló ń dun òun: láti ọjọ́ yẹn, níbikíbi tí òun bá ti ń pọn omi, Kẹ́hìndé máa ń bi òun pé ṣé òun ti tọrọ omi náà. Ó ní kí ẹ wá sọ fún ọmọ náà lójúkojú pé ìyá rẹ̀ ò jí omi yín rí. Màámi, mo tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ò lè kà á. Ẹnu yín nìkan ló máa gbà gbọ́.

Ọlọ́run á fún yín lókun ẹsẹ̀, á sì jẹ́ kí n bá yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí ìjọ. Tí ẹ bá sì dé Ìṣẹ̀rí, ẹ má dúró de ìkúnlẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kẹ́hìndé ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́