Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi nítorí bàálù tuntun

Èmi ni mo kọ nọ́ńbà irọ́ sínú ìwé náà, kì í ṣe Bọ̀dá Kàmọ́rù. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ọdún kẹrin rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ìyàwó mi nìkan ló mọ̀, òun náà kò sì mọ gbogbo rẹ̀ tán... Mo lè sọ ọ́ fún yín nítorí pé ẹ ò mọ̀ mí. Kàmọ́rù gan-an kì í ṣe orúkọ ẹni tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ pè é ní nǹkan kan. Ẹ fojú fo ibi tí bíírò bá ti yọ̀.

Jeddah ni mò ń gbé. Ẹnjiníà bàálù ni mí, ìyẹn àwọn tó ń tún un ṣe nílẹ̀ o, èmi kọ́ ni mò ń wà á. Ará Iléṣà ni mí, Kristẹni. Ará Ìwó ni Bọ̀dá Kàmọ́rù, Mùsùlùmí, ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, òun ló sì fọwọ́ mi mú nígbà tí mo dé ilẹ̀ yìí, láti orí bí wọ́n ṣe ń gba ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú wa, títí dórí ibi tí mo ti lè rí èlùbọ́ rà. Bí mo bá ṣàìsàn, òun ló ń bá mi ṣiṣẹ́ mi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Irú ẹni tí mo ṣe báyìí sí nìyẹn.

Lọ́dún náà ni àwọn òyìnbó tó ń ṣe bàálù tuntun kan gbé e wá sí Jeddah. Kò tíì kó èrò rí. Bàálù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀nà ẹyọ kan ṣoṣo láàárín, wọ́n ní ìjókòó mẹ́ta ló máa wà lọ́wọ́ kan, méjì lọ́wọ́ kejì tó bá yá, ṣùgbọ́n nígbà náà wáyà ló kún inú rẹ̀, àti àwọn àgbá omi tí wọ́n tò dípò èrò. Wọ́n ti gbé e lọ síbi tí yìnyín wà, wọ́n ti gbé e fò lórí òkun, ó wá ku oòrùn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé tó bá wà nínú oòrùn wa láti àárọ̀, tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, tí iná rẹ̀ wà ní pípa, ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá tan án, àti pé báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kí inú rẹ̀ tó tutù fún èrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni test yẹn. Èmi àti Bọ̀dá Kàmọ́rù ni kọ́ńpínnì wa yàn pé ká máa gun àkàsọ̀ wọlé ní ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, ká wo tẹmómítà mẹ́ta tó ń wọn ooru, ọ̀kan níwájú lọ́dọ̀ pílọ́ọ̀tì, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní ìdí bàálù, ká kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, ká fọwọ́ sí i, ká tún tilẹ̀kùn. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o... irin bẹ́líìtì mi máa ń jó mi níkùn nínú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn gan-an. Bàálù tí èrò kankan ò tíì wọ̀ rí láyé, ọmọ Iléṣà ló ń kọ ìwé sí i!

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Jímọ̀. Èmi ni mo ni shift àárọ̀, Bọ̀dá Kàmọ́rù ló máa gbà á lọ́wọ́ mi ní aago mẹ́wàá títí di aago méjì. Ìyá rẹ̀ wà ní Mẹ́kà lákòókò yẹn, ó wá ṣe ùmúrà, yàrá kan ní Kudai ló dé sí, ọjọ́ Sátidé ló sì ń padà sílé. Ìyá yẹn ní òun fẹ́ kí àkọ́bí òun bá òun kí Jímọ̀ ní mọ́sálásí ńlá lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó lọ. Ta ló máa gbọ́ irú èyí tó máa sọ pé rárá? Bọ̀dá Kàmọ́rù bẹ̀ mí pé kí n bá òun dúró, mo ní kò séwu. Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé òun kúrò níbi iṣẹ́, ó ti fọwọ́ sí gbogbo ìlà tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ, nọ́ńbà nìkan ló kù kí n máa kọ sí i. Ó dá a lójú pé màá kọ ọ́. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó dá a lójú.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé èmi náà ní ibi tí mò ń lọ. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì níbí, ẹ mọ̀, òfin kò gbà á. Inú ilé la ti ń sìn, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lọ síbi iṣẹ́. À ń gbé kéèkì àti ìrẹsì sórí tábìlì kó lè dà bí ọjọ́ ìbí bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, à ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé lábẹ́ kọ́tìnnì, orin wa kò sì ju kíkùn lẹ́nu lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa gbé ọmọ wa fún Olúwa. Ọdún mẹ́fà la fi wá ọmọ yẹn o. Ìyàwó mi ti ní ká sún un síwájú, mo ní rárá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni màá fi yọ́ wá, ìlà ẹyọ kan ló máa fò mí. Mo ti ilẹ̀kùn bàálù, mo wọ ọkọ̀ mi... Àdúrà gùn. Bàbá àgbà tó ń darí ìsìn wa gbé ọmọ náà dání, ó sunkún, èmi náà sunkún, wọ́n ní kí n jókòó jẹun kí n má baà já lu títì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí mo padà dé ìdí bàálù, ìlà márùn-ún ló ṣófo.

Mo wo nọ́ńbà ti àná. Ṣé oòrùn àná kọ́ ni oòrùn òní ni? Mo kọ márààrún bó ṣe ń gòkè lánàá, mo fi díẹ̀ kún ibì kan, mo yọ díẹ̀ níbì kan kó má baà jọra jù, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo rí erùpẹ̀ lórí gíláàsì ọkọ̀ mi nígbà tí mo jáde nílé ìsìn, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni kì í sí erùpẹ̀ lórí ọkọ̀ ní Jeddah?

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ tú. Ọ̀gá àwọn òyìnbó náà gbé ìwé wa dání, ó ń béèrè pé báwo ni bàálù ṣe ń gbóná sí i ní aago méjìlá àná, nígbà tí ìjì erùpẹ̀ bo oòrùn mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, tí gbogbo ọkọ̀ tó wà ní pápákọ̀ òfurufú tan iná lọ́sàn-án gangan? Ìjì erùpẹ̀ wo? Gbogbo Jeddah ló rí i, àfi àwa tí a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé. Nígbà tí a máa fi jáde, ojú ọ̀run ti mọ́.

Ìfọwọ́sí ta ló wà lórí àwọn ìlà yẹn? Ti Bọ̀dá Kàmọ́rù ni. Múdíírì wa, ìyẹn ọ̀gá wa, pè é wọlé, èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́. Ó lè sọ pé òun ò sí níbẹ̀, pé èmi ni. Kò sọ ọ́. Ó ní òun wà níbẹ̀, ohun tí tẹmómítà wí lòun kọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun bá dárúkọ mi, àwa méjèèjì la máa lọ, bẹ́ẹ̀ ìkókó wà nílé mi. Lójú tirẹ̀, mo jókòó síbẹ̀, mo wo tẹmómítà, tẹmómítà ló bàjẹ́. Títí dòní olónìí, tẹmómítà ló ń bá wí. Àwọn òyìnbó tún test náà ṣe nígbà tó yá, ó yọrí sí rere, nítorí náà ẹ má tìtorí mi bẹ̀rù àtiwọ bàálù, irọ́ mi kò wọ inú rẹ̀. Ayé Bọ̀dá Kàmọ́rù ló wọ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ exit only sínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ìyẹn pé kó máa lọ sílé, kò níṣẹ́ níbí mọ́. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ sí pápákọ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n tọ́jú ọmọ wa. Ọmọ wa ló pè é.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ní mi ò sí níbẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni pé níbo lo lọ. Ìdílé mọ́kànlá ló ń pàdé nínú ilé yẹn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ṣé kí n tú gbogbo wọn ká lẹ́ẹ̀kan náà? Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn, òtítọ́ sì ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ìyàwó mi ò mọ̀... Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ bà mí. Ká ní oorun lásán ni mo lọ sùn lọ́jọ́ yẹn, tí kò sí ìjọ tí mo fẹ́ dáàbò bò, mi ò rò pé ǹ bá la ẹnu mi.

Bàálù náà ti dé báyìí. Wọ́n ti ṣe é parí, ó ti ń kó èrò, èmi ni wọ́n sì fi sídìí ìtọ́jú rẹ̀ torí pé mo wà níbẹ̀ nígbà test. Mo gba ìgbéga lórí rẹ̀! Mi ò lè dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀. Bí mo bá dé ìdí bàálù níbi tí tẹmómítà kẹta wà nígbà yẹn, ṣe ni mò ń ṣe kíá kíá kí n lè jáde. Nílé, mo jókòó, mo dìde, mo ṣí fíríìjì, mo tì í, mi ò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ìyàwó mi ní mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá wá ni Àlàájà kan tó ń ta góòlù láàárín Jeddah àti Ìbàdàn mú létà Bọ̀dá Kàmọ́rù wá fún mi. Fíríìjì ló ń tún ṣe ní Ìwó. Ó ń bọ̀ wá sí Hájì lọ́dún yìí, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sanwó rẹ̀ fún un. Ẹ mọ àṣà àwọn Mùsùlùmí wa, ẹni tó bá ń lọ sí Hájì á kọ́kọ́ lọ bá gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ kí wọ́n lè forí jì í, kó má baà gbé ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé dúró ní Àráfà. Ó ti bá ará ilé rẹ̀, ó ti bá onílé rẹ̀, ó ti bá aládùúgbò tí wọ́n jọ jà nítorí omi ẹ̀rọ. Ó ku èmi. Èmi kẹ̀! Ó kọ ọ́ pé àbúrò mi, jọ̀ọ́, forí jì mí nítorí Jímọ̀ tí mo fi ọ́ sílẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú iṣẹ́ tí kì í ṣe tìrẹ, tí ìyàwó rẹ ń retí rẹ nílé pẹ̀lú ìkókó. Ó ní bóyá torí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ni Ọlọ́run ṣe fi tẹmómítà jẹ òun níyà. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti forí ji òun, kí n fún Àlàájà, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ti fà á ya lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àlàájà ti wá gba èsì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ló le nínú gbólóhùn kan, àbí ohun tí ọkùnrin náà ṣe fún mi burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Ó ti ń wò mí bí ìkà ènìyàn. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó ní òun á bá a bẹ̀ mí, ìyá tó lè bí mi lọ́mọ, ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo sáré dì í mú... ojú tì mí gan-an.

Bí mo bá kọ òtítọ́ gbogbo, ọwọ́ mélòó ni létà náà máa gbà kọjá kó tó dé Ìwó, tí ilé ìsìn wa á sì wà nínú rẹ̀? Bí mo bá kọ ọ́ pé mo lọ sùn ni, ìjẹ́wọ́ tó ní irọ́ nínú, ìjẹ́wọ́ wo nìyẹn? Bí mo bá ní kí n dúró dìgbà tó bá dé, ṣebí láti pápákọ̀ ni wọ́n á ti kó wọn sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà, èmi Kristẹni ò sì lè tẹ̀ lé e débẹ̀, òfin ò gbà mí láàyè, mi ò lè dé Mina tí wọ́n máa pàgọ́ sí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ la máa fi ríra láàárín èrò, ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀. Ṣé ọjọ́ yẹn ni kí n wá da irú èyí sí i lára? Àbí kí n jẹ́ kó lọ dúró ní Àráfà, kó máa sunkún tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀? Ìyàwó mi ní kí n kọ gbólóhùn yẹn fún Àlàájà kí n dákẹ́, pé ọmọ tí à ń sọ yìí ló ń sáré kiri ilé, tó ń fi Lárúbáwá dá wa lóhùn, kí n má fọwọ́ ara mi tú ilé wa ká. Ṣé ó jẹ̀bi? Mi ò mọ̀.

Àlàájà ní òun ń padà sílé tí ààwẹ̀ bá parí, òun ò sì ní lọ láìgba ìwé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà inú yín, ẹ̀yin tó ti lọ sí Hájì rí, ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣẹ̀ rí, kí ni kí n kọ? Mo tún bẹ̀rẹ̀ ìwé kan lánàá. Dípò kí n kọ ohun tó ní kí n kọ, ọwọ́ mi kọ ọ́ pé Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ibẹ̀ ni mo dé tí mo dúró. Mi ò tíì fa ìyẹn ya, ó wà nínú Bíbélì tí a ń tọ́jú sábẹ́ aṣọ ọmọ. Ṣé kí n máa kọ ọ́ lọ?