Àǹtí Inú Tẹlifíṣàn Kí Wa, Mo sì Dá A Lóhùn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọ̀gá yín kì í kanra mọ́ ẹ níbi iṣẹ́? Ara tèmi le, eékún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni mo fẹ́ sọ. Látìgbà tí o ti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi tí o padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwọ náà mọ̀ pé ṣe ló panu mọ́. Mo jó, mo ké bí ewúrẹ́, kò fèsì. Nígbà tí o wá ní bí kò bá sọ̀rọ̀ wàá wá gbé e lọ rí dókítà, oorun dá lójú mi.

Orin inú tẹlifíṣàn tí o rà fún wa nìkan ló ń jẹ́ kó gbórí sókè. Ètò àwọn ọmọ kéékèèké yẹn náà ni o, èyí tí ìwọ fúnra rẹ máa ń sá lọ wò nílé aránṣọ nígbà tí o ò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Orin náà ò yí padà. Obìnrin tó ń kọ ọ́ ló yà mí lẹ́nu, gbogbo wa ń dàgbà, òun ń dọmọdé sí i. Bá mi béèrè irú ìpara tó ń lò, ẹ̀yin lẹ jọ wà nílùú ńlá.

Àǹtí náà mọ èèyàn kí. Bó bá ṣe dé báyìí, á fi orin kí wa káàárọ̀, á wá dákẹ́, á máa wò wá. Ọmọ rẹ ò ní dáhùn. Ojú máa ń tì mí, kí àlejò kí èèyàn nínú pálọ̀ rẹ̀ kí gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári? Ni mo bá ń dá a lóhùn. Mo máa ń gbálẹ̀ kó tó dé, mo sì ń wọ aṣọ tó mọ́. Tó bá ní ká pàtẹ́wọ́, mo pa á. Tó bá ní ká fò, mo ní kó foríjì mí, eékún ni. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ní obìnrin náà ò rí wa, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ṣé torí wáyà ni kí n ṣe wá ya aláìlẹ́kọ̀ọ́?

Àfi lánàá tí àǹtí kọrin pé kí lorúkọ rẹ, tó sì dákẹ́. Mo dìde, mo sọ orúkọ mi, mo fi ti bàbá mi kún un, mo ti fẹ́ bọ́ sórí ti bàbá bàbá mi nígbà tí ọmọ rẹ fa ìró mi, ó ní Màmá Àgbà, kí n jókòó, òun ló ń bi! Háà! Mi ò mọ̀gbà tí mo jókòó. Ó dìde, ó fi orúkọ ara rẹ̀ kọrin ketekete. Mo sunkún títí àǹtí fi ní ó dàbọ̀, mi ò tilẹ̀ rí ọwọ́ jù sí i.

Látìgbà náà, ẹnu ò sinmi mọ́. Ó ti sọ fún mi pé ohùn mi ò dùn.

Láàárọ̀ yìí, orin mìíràn ló kàn, ta lo fẹ́ kó wá bá ọ ṣeré? Mo ti ń tún gèlè mi ṣe. Ọmọ rẹ ní ìyá òun. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó wá gbé àpótí síwájú tẹlifíṣàn, ó jókòó, ó ń dúró kí o jáde níbẹ̀. Èmi náà jókòó tì í. A wò títí, a ò rí ẹ.

Jọ̀ọ́, owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù yìí, má fi ránṣẹ́ mọ́, fi wọkọ̀ wá. Bí wọn ò bá sì fún ẹ láàyè níbi iṣẹ́, bẹ àǹtí yẹn kó jẹ́ kó o yọjú díẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ rẹ dá ohùn rẹ mọ̀ láàárín ohùn gbogbo ayé. Kò tíì dìde lórí àpótí o.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.